Àwo Ẹran Tí Ìyá Àgbà Gbé Síwájú Dẹlẹgé

Níbi ìsìnkú ìyá tó bí ìyá mi, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba. Ó dìde, ó wúkọ́, ó ní olóògbé jẹ́ ìyá oníwà pẹ̀lẹ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ líle kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ wo ojú ara wa. Ìyá mi, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní láti fi ìborùn bo ẹnu. Ká ní òkú ń gbọ́ràn ni, ìyá àgbà ì bá dìde jókòó nínú pósí, kó bi ọkùnrin náà pé, "Ta lò ń sọ?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀, torí irọ́ ló kórìíra jù, pàápàá irọ́ tí wọ́n bá wọ aṣọ gidi sọ. Ìyá àgbà mi kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ń bínú, ó ń búni, ó ń fojú tín-ín-rín èèyàn, á sì tún sọ ọ́ fún ẹni náà kó má bàa ṣì í gbọ́. Pọ̀nmọ́ ló ń ṣe. Lẹ́bàá ibi ìpẹran ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí àwọn òkúta ńlá ìlú wa ti ń wo èèyàn látòkè, ni àtíbàbà rẹ̀ wà. Á ra awọ màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà láàárọ̀, á dáná igi, á sun irun ara awọ náà, á rẹ ẹ́ sómi, á wá fi ọ̀bẹ ha á títí tí yóò fi mọ́. Èéfín ti wọ aṣọ rẹ̀, ó ti wọ irun rẹ̀, mo rò pé ó tiẹ̀ ti wọ ohùn rẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wá ra pọ̀nmọ́, wọ́n á fi ọwọ́ dí imú. Á wò wọ́n látòkè délẹ̀. Á ní, "Ẹ fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ ò fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe fẹ́ ọkọ yín."

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ọdún àwọn sójà àti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo èèyàn ló di kámáráàdì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sára gbogbo ògiri. Bí o bá wọ ọ́fíìsì, wàá kọ́kọ́ na ẹ̀ṣẹ́ sókè, wàá ní o ti ṣe tán fún ìyípadà, kí wọ́n tó bi ọ́ léèrè ohun tó gbé ọ wá. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà lọ gba káàdì ìdánimọ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó wà nídìí tábìlì dìde, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó nà án sókè, ó ń retí ìdáhùn. Ìyá àgbà yẹ ẹ̀ṣẹ́ náà wò lọ́tùn-ún lósì.

"Kí lo dì sọ́wọ́?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìyá. Ìkíni ìyípadà ni."

"Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, là á, kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́."

Kì í ṣe pé kò fẹ́ ohun tuntun. Àwọn tó ń pè é ní ará ayé àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ibà fẹ́ pa á, ó gba abẹ́rẹ́, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé abẹ́rẹ́ ló gba òun là. Ohun tí kò lè fara dà ni bí àwọn èèyàn ṣe ń wólẹ̀ fún oògùn láì bi í léèrè ohun tó wá ṣe. Ọkùnrin kan wà tó máa ń ti kẹ̀kẹ́ wọ ọjà pẹ̀lú àpótí oògùn, horo pupa, horo dúdú, gbogbo rẹ̀ nínú oòrùn gangan. Ó ń kígbe pé horo pupa yẹn ń wo ẹ̀yìn ríro, jẹ̀díjẹ̀dí, àìróorunsùn àti ojú dídùn. Ìyá àgbà dúró, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní kó tún un kà. Ọkùnrin náà tún un kà, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti rí oníbàárà. Ìyá àgbà wá ní, "Oògùn tó bá ń wo gbogbo àrùn, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n wá oògùn fún."

Ẹ̀dá méjì ló bú jù láyé rẹ̀: igún àti Sàláwà.

Igún, torí pé wọ́n ń jí awọ rẹ̀. Nígbà náà, igún pọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n ń bà sórí igi, wọ́n ń bà sórí òrùlé, wọ́n ń tò sórí òkúta bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n pín ogún. Bí àwọn alápatà bá ti da ìfun àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, kó sì tó di ọ̀sán, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Ìyá àgbà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí. Apárí olè ló ń pè wọ́n. Ọ̀pá gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fi ń lé wọn, bó ṣe ń lé wọn náà ló ń gbé ìran wọn ṣépè.

Sàláwà ní tirẹ̀ jẹ́ opó. Oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló fẹ́ ẹ wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, ó kú, ó fi í sílẹ̀ láìsí ọmọ, nínú ilé kan lẹ́yìn ibi ìpẹran. Sàláwà máa ń ṣa ìfun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, á dà á fún àwọn igún lẹ́yìnkùlé rẹ̀, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá adìyẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Igún tó bá ti jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní jìnnà. Awọ ìyá àgbà ni yóò fi ṣe àjẹkún. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jà á.

"Sàláwà! Àwọn ọmọ rẹ ti tún jà mí lólè o!"

"Bo awọ rẹ! Ta ló ní kó o tẹ́ oúnjẹ síta, kó o máa retí kí ẹyẹ gbààwẹ̀?"

"Àjẹ́ ni ẹ́! Ìwọ lò ń rán wọn!"

Ọ̀rọ̀ yẹn, àjẹ́, ló máa ń fi parí ìjà bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Bí wọn ò bá bú ara wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn alápatà á máa bèèrè pé ta ló ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, pé kò dára lẹ́nu àgbà. Ó ní, "Èébú tí kò ta èèyàn lára, orin ni."

Ó wá ta Sàláwà lára.

Ìjọba dá oko màlúù kan sílẹ̀ lọ́nà Bónì. Wọ́n ní ẹran ibẹ̀ ni yóò bọ́ gbogbo ìlú. Ọ̀gá tí wọ́n rán wá ṣe olórí ibẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí òkun. Aṣọ rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Àwọn lébìrà ní kò tíì fọwọ́ kan màlúù rí àfi nínú àwo. Lọ́dún yẹn, mo ti wà nílé ọkọ, ọmọ mi àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn mi, mo sì máa ń lọ ran ìyá àgbà lọ́wọ́ nídìí iná.

Àrùn wọ inú màlúù oko náà. Dókítà ẹran wá, ó wò wọ́n, ó ní àwọn kan ò lè yè mọ́. Ó fún àwọn yẹn ní abẹ́rẹ́ oorun, oorun tí wọn ò ní jí nínú rẹ̀, kí wọ́n má bàa jẹ̀rora mọ́. Kó tó lọ, ó pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn sin wọ́n, kí èèyàn má jẹ nínú wọn, kí ẹranko má jẹ nínú wọn, torí oògùn náà ṣì wà nínú ẹran wọn. Àṣẹ yẹn dára. Etí tó gbọ́ ọ ni kò dára. Ọkọ̀ tó ń gbẹ́lẹ̀ ń bẹ lóko náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti fi epo rẹ̀ sínú mọ́tò tirẹ̀, torí ó ní ìpàdé tó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àṣekára. Ló bá ní kí wọ́n wọ́ àwọn òkú màlúù náà lọ sínú igbó lẹ́bàá odò kékeré kan, kí wọ́n fi ewé bò wọ́n. Igún kì í ka ewé sí.

Àwa ò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ohun tí a mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dé ibi ìpẹran, ojú ọ̀run mọ́ jù. Kò sí ẹyẹ lókè. Ilẹ̀ ni wọ́n wà. Ọ̀kan na ìyẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá, ọ̀kan fi orí gún ìdí igi, ọ̀kan ń rìn tàgétàgé bí ẹni tó ti òde ọtí bọ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó gbàgbé ibi tó fẹ́ gbé e sí, ó ṣubú. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko sọ pé wọ́n sùn káàkiri ọ̀nà Bónì, pé létí odò náà, ṣe ni wọ́n bo ilẹ̀, àwọn ajá tó bá wọn jẹ níbẹ̀ náà sùn tì wọ́n, wọn ò sì jí.

Ìyá àgbà mú ọ̀pá rẹ̀, ó fi ti èyí tó wà níwájú àtíbàbà. Kò mira. Ó tún tì í. Èébú ni mo ń retí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ẹyẹ náà, ó ní, "Ṣé o ò ní jalè lónìí ni?"

Sàláwà ló ń sáré kiri pẹ̀lú agbọ̀n. Ó rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ti kú, pé ọkàn àwọn kan ṣì ń lù lábẹ́ ìyẹ́. Ó kó wọn lọ sínú yàrá rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí àkísà, ó ń kán omi sí wọn lẹ́nu, ó ń yí wọn bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kejì, àwọn díẹ̀ dìde. Wọ́n jáde sí àgbàlá, wọ́n gbọn ìyẹ́. Àwọn ará àdúgbò yọjú, wọ́n rí igún tí gbogbo wọn rí lókùú lánàá tó ń rìn kiri. Kó tó dọ̀sán, ìròyìn ti kárí pé Sàláwà ń jí òkú dìde.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà náà ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ní àwọn ọdún yẹn, àjẹ́ wà nínú rádíò, ó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn olóyè. Bí òjò kò rọ̀, àjẹ́ ni. Bí iṣẹ́ ìjọba bàjẹ́, àjẹ́ ni. A ti gbọ́ pé wọ́n ń mú àwọn arúgbó káàkiri, wọ́n ń nà wọ́n kí wọ́n lè jẹ́wọ́, pé àwọn mìíràn ò padà délé mọ́. Ọ̀gá oko sì ń wá ohun tó máa sọ nípa màlúù ìjọba tó kú. Ó ti rí i.

Dẹlẹgé ló wá bá ìyá àgbà. Òun ni aṣojú ìyípadà ládùúgbò wa. Kó tó di olóyè, epo fìtílà ló ń tà, àwa tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ sì mọ iye omi tó ń dà mọ́ ọn. Ó dúró síwájú àtíbàbà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ti mú Sàláwà. Lọ́la ni ìpàdé. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí. Gbogbo ìlú ló ń gbọ́ tí ẹ̀ ń pè é ní àjẹ́."

Ìyá àgbà kò dá ọ̀bẹ dúró. "Mo pè é bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí a fẹ́ kí ẹ sọ náà nìyẹn."

"Mo pe ìwọ náà ní ewúrẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Ṣé o ti ń jẹ koríko?"

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n tètè pa ẹnu dé. Ojú dẹlẹgé pọ́n. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjọba kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, pé ẹni tó bá kọ̀ láti jẹ́rìí lórí àjẹ́, àfàìmọ̀ kí òun náà má jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n lọ. Ìyá àgbà ń ha awọ lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ibì kan náà ló ń ha, ó ti fẹ́ lu. Ó ní, "Èébú tèmi ni mo bú. Mi ò yá ìjọba."

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Bíọ̀ wá. Lébìrà ni lóko ìjọba; ó máa ń gbé awọ wá fún ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé awọ púpọ̀ wá lórí kẹ̀kẹ́, kò wo ojú wa.

"Kí ló pa màlúù wọ̀nyí?" Ìyá àgbà kò tíì kí i.

Bíọ̀ wo ilẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni, ìyá." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, kò sì lè dúró mọ́: dókítà, àṣẹ, epo, odò, ewé. Bó ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín.

"Ṣé o lè sọ ọ́ ní ìpàdé lọ́la?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Mo ní àwọn ọmọ. Wọn ò ní jẹ́ kí n délé."

Mo rò pé yóò bú u. Kò bú u. Ìyá àgbà kì í fi èébú ṣòfò lára ẹni tó ń bẹ̀rù. Ẹni tí ẹ̀rù yẹ kó bà tí kò bà ló ń kó o pamọ́ fún. Ó ní, "Gbé awọ yìí padà, kí o sì sin ín. Kí o fọ ọwọ́ rẹ kó o tó kan ọmọ."

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkòkò ti wà lórí iná. Ó ní kí n lọ ata, kí n má ṣahun àlùbọ́sà. Ẹran ń hó nínú ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibi ìpẹran. Mo bèèrè ibi tó ti rí i, ó ní kí n máa lọta mi.

Lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ọ́fíìsì ni ìpàdé wà. Gbogbo àdúgbò ló wá, àwọn ará Bẹ́sẹ́ tó múlé tì wá náà wá, torí bí wọ́n bá fẹ́ wo ìyà arúgbó, èèyàn kì í wọ́n. Sàláwà jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ti ṣí gèlè rẹ̀, ètè rẹ̀ wú. Wọ́n so ọ̀kan nínú àwọn igún tó jí mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Dẹlẹgé sọ̀rọ̀. Ó so àjẹ́ mọ́ òyìnbó, ó so òyìnbó mọ́ ọ̀lẹ, ó so ọ̀lẹ mọ́ igún, a ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá oko dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní kò sí àrùn kankan lára màlúù ìjọba, pé ẹran wọn mọ́, pé ọwọ́ ibi nìkan ló lè pa ẹran tó sanra bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ìyá àgbà jáde, ó ru àwo tó fi aṣọ bò. Ó gbé e ka orí tábìlì iwájú wọn, ó ṣí i. Àwọn tó wà níwájú na ọrùn.

"Kí nìyí, ìyá?" Dẹlẹgé bi í.

"Ẹ ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Kì í dára kéèyàn fi ebi dájọ́." Ó yíjú sí ọ̀gá oko. "Ọ̀gá, ẹ ní ẹran yín mọ́?"

"Ó mọ́."

"Ẹ ní kò sí ohun tó ṣe é, àfi Sàláwà yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé. Màlúù yín nìyí, ọ̀kan nínú àwọn tó wà létí odò. Ẹ jẹun. Bí ẹ bá yó tán, èmi á jẹ́rìí."

Dẹlẹgé rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ẹran, gbogbo ìlú ń wò ó, kò sì sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún un nípa abẹ́rẹ́. Ọ̀gá oko kò kà á sí ẹni tó yẹ kó mọ̀. Ó ká apá aṣọ, ó mú èyí tó tóbi jù, ọbẹ̀ ń kán, ó gbé e dé ẹnu. Èmi ń wo ọ̀gá oko. Òógùn bo imú rẹ̀. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Nígbà tí eyín dẹlẹgé fẹ́ kan ẹran náà, ọ̀gá fò dìde, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Má jẹ ẹ́! Má jẹ ẹ́, abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀!"

Ẹran bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, pé, "Abẹ́rẹ́ wo?"

Ìyá àgbà ká aṣọ tó fi bo àwo, ó fi sórí èjìká. Ó ní, "Mo ti jẹ́rìí tán."

Ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lè ròyìn rẹ̀. Wọ́n tú Sàláwà sílẹ̀ nínú ariwo náà. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà ni àwọn jàndáámù, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, mú, wọ́n ní ó fẹ́ fi májèlé pa aṣojú ìjọba. Mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Wọ́n gbé àwo ẹran náà síwájú ọ̀gá wọn, ọkùnrin ará apá àríwá tó dà bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Ó bi í pé ibo ló ti rí ẹran náà. Ìyá àgbà ti ọwọ́ bọ àwo, ó mú ọ̀kan, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Mo figbe ta.

"Má pariwo, ọmọ á jí," ó ní. Ó gbé ẹran mì. "Ẹran Mámúdù alápatà ni. Àárọ̀ yìí ni mo rà á. Ẹ ránṣẹ́ pè é, kó wá sọ. Èmi gbé májèlé? Mi ò tíì gọ̀ tó wọn."

Ọ̀gá jàndáámù wo àwo, ó wo ìyá àgbà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ní kó máa lọ sílé. Ìyá àgbà ti àwo náà sí i: "Jẹ díẹ̀. Ìwọ ò tíì purọ́ lónìí." Ó sì jẹ ẹ́.

Lọ́nà ilé, mo tún ọmọ mi pọ̀n dáadáa. Mo bi í pé bí ọ̀gá oko bá dákẹ́ ńkọ́, bó bá jẹ́ kí dẹlẹgé jẹun ńkọ́? Ó ní, "Kò lè dákẹ́. Irú wọn ò bẹ̀rù òkú. Òkú tó bá ní ipò ni wọ́n ń bẹ̀rù."

Bí ẹ bá rò pé wọ́n fìyà jẹ ọ̀gá oko, a jẹ́ pé ẹ ò gbé ayé ìgbà yẹn. Wọ́n gbé e lọ sí Kútọnú, sí ọ́fíìsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Dẹlẹgé padà sídìí ọ̀rọ̀ sísọ. Ìdọ̀tí ló wá ń bá jà wàyí, torí kò sí igún mọ́. Àwọn tí Sàláwà jí dìde fò lọ, a ò rí wọn mọ́. Bóyá wọ́n mọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ìfun ń jẹrà níbi ìpẹran, eṣinṣin bo ilẹ̀, eku ń ṣe ọmọ lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ajá tó ṣẹ́kù ń jà síbẹ̀ títí tí ìyá kan ò fi lè rán ọmọ gba ọ̀nà yẹn mọ́. Òórùn náà dé inú ọ́fíìsì. Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ìmọ́tótó. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé wá pẹ̀lú agbọ̀n láti wá ṣa ohun tí ẹyẹ ń ṣa láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà dúró, ó ń wo dẹlẹgé bó ṣe ń fi imú sínú aṣọ tó ń darí wọn. Ó ní, "Olè tó ń gbálẹ̀ sàn ju ọ̀gá tó ń da ìdọ̀tí lọ."

Sàláwà wá dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ní kó dìde, pé ó ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ òun lójú. Wọn ò di ọ̀rẹ́. Wọ́n wá ìjà mìíràn: èéfín, omi, ọ̀nà tí ó gba àárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kúrò lẹ́nu ìyá àgbà láti ọjọ́ náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjà gbóná gan-an, tó na ọwọ́ sí Sàláwà, tí ọ̀rọ̀ yẹn dé etí ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó wá kiri, ó wá kiri, kò rí òmíràn. Ó ní, "Ìwọ... ìwọ ìyàwó ará Ògbómọ̀ṣọ́!" Sàláwà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí Sàláwà kú, ìyá àgbà pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Òun nìkan ló ń dá mi lóhùn."

Ọ̀fun ló pa òun náà nígbẹ̀yìn, ọ̀fun àti àyà. Èéfín gba tirẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ pupa ti ń ṣí kúrò lára ògiri nígbà náà. Ó gba oògùn tí wọ́n fún un ní dísípáńsà, ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa, ó ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ó ń bú ìkorò rẹ̀. Nígbà tó mọ̀ pé òun ò ní lò ó tán, ó pè mí, ó fi ìgò horo tó kù lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má dà á sórí ààtàn, kí n má dà á sódò, kí n dá a padà fún àwọn tó ni ín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé e lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń fúnni ní oògùn kò gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi ẹnu júwe fèrèsé ẹ̀yìn, ó ní kí n dà á síbẹ̀. Mo yọjú. Òkìtì ìgò, abẹ́rẹ́ àti horo oníríirú àwọ̀ wà níbẹ̀, òjò ti rẹ wọ́n, àwọn lékeléke ń fi ẹsẹ̀ tan án, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ. Mo di ìgò mi mú.

"Ẹ dà á nù, màdáàmù. Ẹni tó ni ín ò ti kú ni?"

Mo ní ó ti kú. Mo ní ṣùgbọ́n kó tó kú, ó ránṣẹ́ sí i. Ó wò mí, ó ní kí ló wí.

"Ó ní, èmi ni mo ṣàìsàn. Ẹyẹ ò ṣàìsàn."